Ohun Tí Òkété Fi Pamọ́ Sẹ́rẹ̀kẹ́

Láàárín òkú ni ojú wọn ti ṣe mẹ́rin.

Ogun dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà kí tọ̀tún-tòsì lè kó òkú wọn nílẹ̀. Pápá tó wà níwájú odi ìlú kún bámúbámú bí ọjà tó ń tú. Àwọn ìkookò ń di òkú mú lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n ń wọ́ wọn tuurutu bí ẹni ń wọ́ igi ìdáná. Àwọn igún ń bà, wọ́n ń fò, wọ́n ń jà sí nǹkan tí a kì í dárúkọ níwájú ẹni tó fẹ́ jẹun. Eṣinṣin pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ tutọ́ ná.

Àárín rẹ̀ ni òkété jagunjagun kan ń gbà kọjá, ó gbé òkú arúgbó aṣọ́bodè kan lé ọwọ́ méjèèjì. Òkú náà kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Òkété yìí ni olórí àwọn agbẹ́lẹ̀ nínú ogun tó dó ti ìlú náà. Imú-ò-ṣìnà ni gbogbo ibùdó ń pè é, nítorí pé ohunkóhun tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ lókè, yóò gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá a, kò sì ní tàsé. Imú tó sọ ọ́ di akọni yẹn náà ló ń dá a lóró lọ́jọ́ náà. Òórùn kan ṣoṣo ni àwọn yòókù ń gbọ́. Tirẹ̀ ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nímú: ẹ̀jẹ̀ tàná, ẹ̀jẹ̀ ìjẹta, ìfun tó bẹ́, irun tó jó.

Ìgbà náà ni ó rí i. Ẹtu kan ni, arẹwà, ọlọ́rùn gígùn, ó fi aṣọ funfun bo imú àti ẹnu. Ó kúnlẹ̀ ti abọ́ omi kan, ó ń nu ojú àwọn òkú kí wọ́n tó gbé wọn kúrò nílẹ̀, kò sì bèèrè ẹ̀gbẹ́ tí òkú ti wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ojú ìkookò kan tán, ìkookò tí etí rẹ̀ òsì ya sí méjì. Ó fi àtàǹpàkò pa ìpéǹpéjú rẹ̀ dé bí ìyá tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú ojú òkété.

Gbogbo ariwo pápá náà dákẹ́ lójijì, àfi ọkàn òkété tó ń lù kìkì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gbé e kalẹ̀," ni ẹtu wí. "Ẹ̀yìn ń dun bàbá yẹn gan-an nígbà ayé wọn."

Òkété gbé arúgbó náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Bàbá yín ni?"

"Rárá o. Èmi ni mò ń bu omi fún wọn mu lẹ́nu bodè. Kí ló dé tí ẹ ò wọ́ wọn nílẹ̀ bíi tàwọn yòókù?"

"Ara mi ò gbà á."

Ojú ẹtu rẹ́rìn-ín lókè aṣọ funfun yẹn. Ó ki ọwọ́ bọ omi, òórùn ewé efinrin tó fọ́n sínú rẹ̀ sì dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dó ti ìlú náà, òkété fa èémí wọnú láìbẹ̀rù. Kò tíì tú u jáde tán tí fèrè fi dún. Oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, wọ́n sì tún di ọ̀tá ara wọn.

*

Àwọn òkété kò fẹ́ràn ogun yìí. Ilẹ̀ bàbá wọn ló bọ́ sábẹ́ àwọn ìkookò, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ ihò gbẹ́ nínú wọn, ti Balógun, olórí ogun ìkookò, ni. Èyí tó burú jù fún wọn kì í ṣe ikú. Ìgbé ayé ibùdó yẹn ni. Òkété kì í ṣe ẹ̀dá tó ń bá ẹ̀gbin gbé. Nínú ihò wọn, yàrá oúnjẹ yàtọ̀, yàrá oorun yàtọ̀, yàrá ẹ̀gbin sì wà lọ́nà jíjìn réré, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò lọ́dọ̀ omi. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀gbin gba iwájú omi kọjá, ì báà ṣe àkọ́bí, wọ́n á dí ẹnu ihò mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyẹn tí oríkì wọn fi ń jẹ́ agbẹ́lẹ̀-má-bomi-jẹ́. Àwọn ìkookò ní tiwọn, ibi tí wọ́n bá jẹun sí náà ni wọ́n ń sùn sí, ibi tí wọ́n sì ń sùn sí, ká má wulẹ̀ sọ ọ́.

Láàárín irú èyí ni Imú-ò-ṣìnà jókòó sí, tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Eléyín-ọ̀bẹ, agbẹ́lẹ̀ bíi tirẹ̀, na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn. "'Ìwọ tí ojú rẹ tutù ju omi òwúrọ̀ lọ.' Omi òwúrọ̀ ti ibo? Ti ibùdó yìí, tí ìdin ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé."

"Pa á rẹ́. Tí wọ́n bá kọ irú ẹ̀ sí mi, ẹ̀rín ni màá fi kú. Kí lo rí tí o fi di báyìí?"

"Mo rí i tó ń nu ojú àwọn òkú."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: *Mo rí ọ tí ò ń nu ojú àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn. Níbi tí mo wà, kò sí ẹni tó tún ń gbọ́ òórùn yìí mọ́, ó ti mọ́ gbogbo wọn lára. Mo fẹ́ kí ẹnì kan láyé yìí mọ̀ pé kò tíì mọ́ mi lára.*

Eléyín-ọ̀bẹ kà á, ó tún un kà. "Èyí dáa," ló wí níkẹyìn. "Ó kàn ń rùn ni."

Òótọ́ ni. Ó fi ìwé náà sábẹ́ ibùsùn, ó ń rùn. Ó tún un kọ sórí ìwé mìíràn, ó fi sínú aṣọ àyà rẹ̀, èyí ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dúró, ó ń wá ibi tó mọ́ káàkiri ibùdó, kò rí.

"Ẹnu ẹ ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ìwọ tí o ò jẹ ẹran wọn láti ọjọ́ tá a ti débí. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ nìkan ló mọ́ níbí yìí."

Gbogbo òkété ló ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n fi ń kó oúnjẹ wálé. Imú-ò-ṣìnà fi ewé tútù we ìwé náà, ó ki í bọ àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ló ń dún bí ẹni tí eyín ń dùn.

*

Balógun pe ìgbìmọ̀ ogun. Kí òkété tó wọ àgọ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fa èémí tó pọ̀ sínú, ó sé e mọ́.

Balógun jẹ́ ìkookò gàgàrà tí àpá kún ojú rẹ̀. Ó jókòó lórí awọ tí wọn ò sá gbẹ, ó ń ya itan kan jẹ. Itan náà ti rà débi pé ẹran ń fúnra rẹ̀ yọ kúrò lára egungun, ọ̀rá rẹ̀ sì ń kán tó, tó, sórí àwòrán odi ìlú tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀. Igún olùdámọ̀ràn dúró lápá ọ̀tún, orí pípá rẹ̀ ń dán.

"Ajẹran-má-bì," ni Igún kí Balógun, "arẹ́rìn-ín-lójú-ogun, ọkọ odi, ẹni tí òórùn kankan ò lè lé sẹ́yìn. Etí wa ń bẹ lọ́dọ̀ yín."

Balógun nu ẹnu mọ́ apá. "A ti dó ti ìlú yìí títí ó fi sú mi. Odi ò wó. Ebi ò pa wọ́n. Kí ló tún kù tí èèyàn lè gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Omi," ni Igún dáhùn. "Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pọn. Àwọn òkú tá a kó lórí pápá, a ò sin wọ́n. Yàrà tó wà lẹ́yìn ibùdó la kó wọn sí, a fi koríko bò wọ́n, oòrùn sì ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lórí wọn. Tí agbẹ́lẹ̀ bá lè la ọ̀nà dé ìdí kànga yẹn, a ó ti àwọn òkú wọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ ọ̀rìn á parí ìyókù fún wa."

Àwọn ọ̀gágun tó kù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ lá ètè.

Òkété rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. "Balógun, ẹ dákun. Òkú tiwa ń bẹ nínú yàrà yẹn náà."

"Òkú ló ń jẹ́ òkú," ni Balógun wí. "Ẹni tó bá kú fún mi, iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì parí. Wá fi eyín búra."

Báyìí ni òkété ṣe ń búra ogun: yóò kúnlẹ̀, yóò ge igi ọ̀kọ̀ ọ̀gá rẹ̀ jẹ. Imú-ò-ṣìnà kúnlẹ̀. Tẹ́nì kan bá kọ̀ fún Balógun, ẹbí onítọ̀hún ló ń kọ́kọ́ fi jẹun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì wà níta tó ń dúró dè é. Ó fi eyín kan igi ọ̀kọ̀ náà. "Bí mo bá yẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, kí eyín mi jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa fi èrìgì gé ilẹ̀ títí n ó fi kú."

"Dúró ná," ni Igún wí. "Kí ló wú lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ yẹn?"

"Eyín ló ń dùn mí."

"La ẹnu, kí n wò ó."

Igún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na orí pípá náà sún mọ́ ọn, òórùn ẹnu rẹ̀ sì fẹ́ lu òkété lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀. Òkété kò lè sé èémí mọ́. Ó ké kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ bì.

"Ẹ mú un jáde," ni Balógun pariwo, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo itan rẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ bì sí mi lórí oúnjẹ?"

Wọ́n tì í jáde. Eléyín-ọ̀bẹ gbà á mú kó má ṣubú, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"O fi eyín búra?"

"Mo búra."

"Kí a kó òkú lọ sínú omi. Pẹ̀lú ìwé ọmọbìnrin yẹn lẹ́nu ẹ."

"Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo àgọ́ Balógun, ó tutọ́. "Mo le lẹ́ran. Màá há wọn lọ́fun," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dá ṣáká.

*

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Imú-ò-ṣìnà ló ń ṣíwájú, Eléyín-ọ̀bẹ ń tì í lẹ́yìn, àwọn òkété yòókù ń kó erùpẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń fi igi ti òrùlé ihò. Ẹni tó ṣíwájú sì ń gbé òpó kan tí kì í kúrò lẹ́yìn ìrù rẹ̀. Bí ó bá sún síwájú, wọ́n á sún òpó náà tẹ̀ lé e. Òpó ìdágbére ni wọ́n ń pè é. Bí agbẹ́lẹ̀ bá já bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá níwájú, ó kàn máa tàpá sí i ni, ilẹ̀ á ya lulẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn á sì yè. Àwọn ìkookò ń rí òpó yẹn, wọn ò bèèrè ohun tó wà fún. Lójú tiwọn, igi ni igi ń jẹ́.

Nígbà tí wọ́n kọjá abẹ́ odi, òkété gbọ́ òórùn omi níwájú, tútù, bí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì omi náà, ó gbọ́ efinrin pẹ̀lú òórùn ọgbẹ́. Ó dúró. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kànga gan-an. Ibẹ̀ ni ẹtu wà. Omi kànga yẹn ló fi ń fọ ọgbẹ́, òun náà ló sì ń mu.

Lọ́jọ́ tí ihò kù díẹ̀ kó já, Balógun kó ogun lọ kọlu bodè kí àwọn ará ìlú má baà fetí sí abẹ́ ilẹ̀. Ìjà náà kò ju kí wọ́n sọ òkúta, kí wọ́n sá padà. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, Igún kó àwọn ìkookò wọnú ihò, wọ́n ń wọ́ àwọn òkú bọ̀.

Òórùn náà ṣáájú wọn dé. Àwọn òkété tó ń kó erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì níbi tí wọ́n dúró sí. Omi ara òkú ń ṣàn nílẹ̀ ihò, ó ń rin wọ́n lẹ́sẹ̀, awọ ń ṣí lára òkú bí wọ́n ṣe ń há mọ́ òpó, àwọn ìkookò sì ń bá ara wọn ṣàwàdà pé ta ni yóò lá ọwọ́. Wọ́n ju òkú àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìn Imú-ò-ṣìnà. Ó yíjú wò ó.

Ìkookò ni. Ó ti wú, ó ti yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì ya sí méjì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì pa dé bí ti ọmọ tí wọ́n tẹ́ sùn. Gbogbo ara rẹ̀ ló ti bàjẹ́, àfi ibi tí ẹtu fọwọ́ kàn.

Nǹkan kan já nínú òkété. Kì í ṣe ìbẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìbínú pàápàá. Ìríra ni, ìríra tó mọ́ gaara, bí ìgbà tí èèyàn tu kòkòrò dànù lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí láìgbé ohùn sókè, "igi ò tó níwájú. Ẹ kó gbogbo ará ilé wa lọ gbé igi wá. Ẹ má wulẹ̀ kánjú."

Kò sí ọjọ́ kan tí agbẹ́lẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n má kánjú gbé igi. Eléyín-ọ̀bẹ wo òpó ìdágbére, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀.

"Ó dàárọ̀ o," ló wí, "ọmọ agbẹ́lẹ̀-má-bomi-jẹ́."

Wọ́n fara ya ara àwọn ìkookò kọjá, wọ́n lọ. Òkété ń ha ilẹ̀ níwájú, ó ń fetí sí wọn, títí ìró ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú wọn fi jáde sí ìta.

"Ó kù báwo?" ni Igún bèèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi yà sósì? Òórùn omi ò wá láti òsì."

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ òórùn?" ni òkété wí. Ó sì tàpá sí òpó náà.

Ilẹ̀ ya wá bí ẹni tú àpò ọkà. Ariwo Igún gé láàárín, ó di ìró jíjìn bí ó ti ń bá àwọn ìkookò fà sẹ́yìn, tó ń ṣépè, tó ń fa ìyẹ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ amọ̀. Àwọn òkú gba ìsìnkú tí wọ́n ti fi dù wọ́n. Òkété kò dúró wò ó. Erùpẹ̀ ti bo ìrù rẹ̀, èémí ti ń tán nínú ihò. Ó fi imú wá efinrin, ó gbẹ́ lọ sókè, sókè, títí tí orí rẹ̀ fi lu pákó ilẹ̀ ilé kan.

*

Nígbà tó ju pákó náà nù, ọ̀kọ̀ ló kọ́kọ́ kan án lọ́rùn. Ìmàdò arúgbó kan ló dì í mú, olórí ẹ̀ṣọ́ ìlú náà. Àwọn tó gbọgbẹ́ ń rá pálá kúrò nítòsí. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹtu dúró ti abọ́ omi, aṣọ funfun ṣì wà nímú rẹ̀.

"Ta ni ọ́?" ni Ìmàdò bèèrè.

"Agbẹ́lẹ̀ ni mí."

"Ìyẹn ò fara sin. Mélòó lẹ wà nínú ihò yìí?"

"Èmi nìkan ni. Àwọn yòókù ti kú kí wọ́n tó wọ ibẹ̀."

"Ó ń fi mí ṣẹ̀sín," ni Ìmàdò sọ fún ẹtu. "Ọ̀rọ̀ ń há a lẹ́nu, ó sì tún ń fi mí ṣẹ̀sín."

Òkété sọ fún wọn: yàrà, koríko, kànga, òkú. Ìmàdò fẹjú. "Irọ́ lò ń pa. Kò sí jagunjagun tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ará ilé ẹ̀."

"Ẹ ki imú bọ ihò."

Ìmàdò kúnlẹ̀, ó ki imú ńlá rẹ̀ bọ ihò náà, ó fa èémí. Ó yọ ọ́ pẹ̀lú omijé lójú, ó ta gbọ̀n-ọ́ngbọ̀n-ọ́n síwá sẹ́yìn, ó sì bì sínú ohun tó wà nítòsí.

"Olórí ẹ̀ṣọ́," ni ẹtu wí, "inú abọ́ mi náà ni?"

"Má bínú, ọmọ mi." Ó nu ẹnu, ó gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́rùn òkété. Lójijì ó tún tẹ́tí sílẹ̀. "Wọ́n ṣì ń gbẹ́ ilẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń bọ̀."

Òkété dojúbolẹ̀, ó fi etí kan ilẹ̀. Ó gbọ́ eyín kan tó ń gé gbòǹgbò kíákíá, tó ń bínú, tó mọ̀ ọ́n gé ju gbogbo eyín ayé lọ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ kéékèèké lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sínú ilẹ̀.

"Wọn ò bọ̀. Wọ́n ń lọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn, ó ń kó àwọn ará ilé wa sá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fi eyín búra fún Balógun, mo sì ti yẹ̀. Kò sí ibi tí mo ń lọ." Ó fi ahọ́n ka eyín rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń retí èyí tó máa kọ́kọ́ mì. Gbogbo wọn dúró gbọn-in.

Ìmàdò mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ pe àwọn tó máa dí ihò burúkú yìí," ló wí, ó sì jáde lọ, ó di imú mú.

Ẹtu jáde sí kànga. Òkété gbọ́ bí korobá ṣe balẹ̀ nísàlẹ̀, tó kún, tó ń gòkè bọ̀. Ẹtu wọlé pẹ̀lú abọ́ mìíràn, ó fọ́n ewé sínú omi, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Mo dá yín mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ gbé bàbá aṣọ́bodè. Ẹ na ọwọ́."

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ ò mọ ohun tó wà lára mi."

"Mo mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ na ọwọ́ ọ̀hún."

Ó na ọwọ́. Ẹtu fọ̀ ọ́, omi dúdú, ó dà á nù. Ó bu òmíràn, èyí pọ́n. Ó fọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ó fọ àárín ìka rẹ̀, kò yíjú kúrò. Ó ń bu omi títí èyí tó wà nínú abọ́ fi dúró ní mímọ́ débi tí wọ́n fi ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ó kù kan," ló wí. "Kí ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín?"

Òkété yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ìtìjú. Ó ki ìka méjì tó mọ́ sínú ẹnu, ó yọ ewé jáde, ó tú u. Ìwé náà funfun. Etí rẹ̀ kan tutù díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ibi tí mo gbé e sí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dá ṣáká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́. "Kò sí ibòmíràn tó mọ́."

Ẹtu nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà ó tú aṣọ funfun kúrò nímú, ó jù ú sílẹ̀. Òkété ń wo ojú náà látòkè délẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i, ẹtu náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.